Bàálù ogun tó ti gbó: ṣé ká tún un ṣe ni, àbí ká ra tuntun?

Ẹni tó bá ní iléeṣẹ́ ní Ilo-Awela, tàbí níbikíbi ní agbègbè Ọ̀tà àti Sango, mọ ìṣirò kan dáadáa. Bí ẹ̀rọ tó fi ń ṣe ike tàbí èyí tó fi ń rọ ọtí sínú ìgò bá ti lo ogún ọdún, ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún un. Ó lè pe àwọn oníṣẹ́ kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo ohun tó ti jẹ. Ó lè lọ ra tòkúnbọ̀ mìíràn. Ó sì lè yáwó ní báńkì láti ra tuntun. Èyí tó wù kó mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ìṣirò rẹ̀ kò bá péye, èrè ọdún mẹ́ta lè wọmi.

Ìṣirò yìí náà ni ìjọba àpapọ̀ ti ń bá yí láti ogójì ọdún ó lé lórí àwọn bàálù ogun ilẹ̀ wa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé owó gbogbo ìlú ni wọ́n ń ná, ẹ̀mí àwọn awakọ̀ òfurufú àti ti àwọn ará abúlé tí ọ̀tá ń yọ lẹ́nu sì so mọ́ ọn. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni bí wọ́n ṣe ń tún bàálù ogun tó ti dàgbà ṣe, ibi tí owó ń gbà lọ níbẹ̀, àti ìdí tí owó tí wọ́n fi ra bàálù kì í fi í jẹ́ òpin ìnáwó rẹ̀.

BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ọdún 1964 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ wa sílẹ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní 1975, àwọn bàálù MiG-21 bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ilẹ̀ Soviet. Nígbà tó yá tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, ìjọba ra oríṣi mẹ́ta mìíràn láàárín ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1987: Alpha Jet 24, èyí tí ilẹ̀ Faransé àti Jámánì jọ ṣe, Jaguar 18, èyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ ṣe, àti L-39, 24, láti Czechoslovakia.

Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ ṣòwò yóò ti rí ìṣòro tó wà níbẹ̀. Onímọ́tò tó bá ra Bedford, Peugeot àti Datsun lẹ́ẹ̀kan náà, mẹkáníìkì mẹ́ta ni yóò máa pè, pààtì oríṣi mẹ́ta ni yóò máa wá kiri. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún bàálù, àfi pé ti bàálù le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iléeṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló sábà máa ń ní pààtì rẹ̀ àti ìwé bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.

Jaguar ló kọ́kọ́ fi ìṣòro náà hàn. Láti 1984 ni wọ́n ti ń kó o dé, bàálù ìgbàlódé sì ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1991, gbogbo wọn ti wà nílẹ̀. Ọ̀tá kọ́ ló yìnbọn lù wọ́n. Owó tí wọ́n fi ń tọ́jú wọn ni kò sí mọ́. Bàálù tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti India fi jagun fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, tiwa kò lò tó ọdún mẹ́wàá. Lẹ́yìn 1993, àwọn ìjọba Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tún fi ìyà jẹ ìjọba ológun ilẹ̀ wa nípa ohun ìjà, èyí sì mú kí pààtì túbọ̀ ṣòro í rí.

Ìjọba alágbádá ló bá ẹrù yìí nílẹ̀. Lọ́dún 2005, ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ẹni tí gbogbo Ọ̀tà mọ oko rẹ̀, bá China ṣe àdéhùn bàálù 15 tí wọ́n ń pè ní F-7Ni, kó lè rọ́pò MiG-21. Mílíọ̀nù 251 dọ́là ni wọ́n pe owó rẹ̀, ohun ìjà rẹ̀ sì wà nínú iye náà. Tuntun ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwòṣe MiG-21 kan náà ni, èyí tó ti ń fò láti àárín ọdún 1950. Lọ́dún 2013 ni China fúnra rẹ̀ dáwọ́ ṣíṣe é dúró. Bí iléeṣẹ́ bá ti dáwọ́ ṣíṣe ọkọ̀ kan dúró, ẹ̀yin náà mọ ohun tí owó pààtì rẹ̀ máa ń dà.

KÍ NI WỌ́N Ń TÚN ṢE LÁRA RẸ̀?

Àwọn kan rò pé bí bàálù bá ti gbó, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló gbó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun márùn-ún ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní owó tirẹ̀.

Èkíní ni ara bàálù gan-an. Gbogbo ìgbà tí bàálù ogun bá yí bírí lófurufú tàbí tó balẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀, ó ń nà padà. Bí èèyàn bá ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn, bó pẹ́ bó yá, yóò kán. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe é fi máa ń kọ iye wákàtí tó lè fò sínú ìwé rẹ̀. Tí wákàtí náà bá ń tán lọ, wọ́n á tú u palẹ̀ láti wá ibi tó ti ń sán. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ bí ilé ìwòsàn ṣe ń ya egungun. Wọ́n tún máa ń fi omi aláwọ̀ pupa pa á lára, wọ́n á nù ún kúrò, wọ́n á wá fi ẹbu funfun sí i: ibi tó bá ti sán, bó ti wù kó kéré tó, yóò pọ omi pupa náà jáde sínú ẹbu. Kò yàtọ̀ sí bí fọ́kanáísà ṣe ń ri túùbù bọ omi láti mọ ibi tó ti ń jò.

Èkejì ni ẹ́ńjìnnì. Òun náà ní wákàtí tirẹ̀, bó bá pé, kò gbọ́dọ̀ fò mọ́ títí wọn yóò fi tú u tún ṣe, ìbáà tiẹ̀ máa dún kíkankíkan. Ẹ́ńjìnnì méjì ni Alpha Jet ní, ọ̀kan ṣoṣo ni F-7 ní.

Ẹ̀kẹta ni ojú àti etí bàálù: rédà, rédíò, àti ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tó wà fún awakọ̀. Ibí ni àtúnṣe ti ń mú àyípadà tó pọ̀ jù wá, nítorí bàálù tí wọ́n ṣe lọ́dún 1982 lè di èyí tó ń ríran lóru bí wọ́n bá yọ aago àtijọ́ inú rẹ̀ tí wọ́n fi ojú kọ̀ǹpútà rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ohun ìjà rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí ẹnu kì í sábà bà, ìyẹn àga tó ń ju awakọ̀ síta bí bàálù bá fẹ́ já. Ẹ̀tù ló wà lábẹ́ àga náà, ẹ̀tù yìí sì ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán gẹ́gẹ́ bíi ti oògùn. Bí wọn kò bá rówó pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, ewu ńlá ni. Ní July 18, 2021, àwọn ajínigbé yìnbọn lu Alpha Jet kan ní ààlà Zamfara àti Kaduna. Awakọ̀ rẹ̀, Flight Lieutenant Abáyọ̀mí Dairo, fi àga náà jáde, ó fi òru sá fún àwọn tó ń wá a, ó sì délé láàyè. Bàálù náà ti dàgbà, àmọ́ ẹnì kan ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ lórí àga yẹn.

ALPHA JET TÒKÚNBỌ̀

Nínú gbogbo bàálù àtijọ́ wa, Alpha Jet ló ṣiṣẹ́ jù. Wọ́n lò ó ní Liberia àti Sierra Leone nígbà ECOMOG. Nígbà tí ogun Boko Haram wá le, àwọn tó kù kò tó nǹkan mọ́. Dípò kí wọ́n máa dúró de tuntun, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú ra mélòó kan lọ́wọ́ àwọn aládàáni ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ti yọ ohun ìjà kúrò lára wọn. Àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ wa ló wá ṣe ibi tí wọ́n ń so bọ́ǹbù mọ́ fún wọn padà níbí, iléeṣẹ́ Innoson ti Nnewi sì bá wọn dá sí i.

Owó tí wọ́n fi pamọ́ nípa bẹ́ẹ̀ pọ̀, ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ sì tún pọ̀ ju owó lọ. Ṣùgbọ́n òògùn ọjọ́ orí kò sí nínú rẹ̀. Ní March 2021, Alpha Jet kan sọnù ní Borno pẹ̀lú awakọ̀ méjì. Ìjọba ti wá kéde pé òun ń ra M-346, 24, láti Italy, kí Alpha Jet lè sinmi.

ÌṢIRÒ OWÓ

Ẹ wo iye yìí. F-7Ni 15 gba mílíọ̀nù 251 dọ́là, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù 17 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Super Tucano 12 tó dé láti Amẹ́ríkà lọ́dún 2021 gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 496, ó lé ní mílíọ̀nù 41 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ bàálù oníjàǹjálá tí kò yára tó F-7 ni. Ẹnìkan lè sọ pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Ṣùgbọ́n àdéhùn ti Amẹ́ríkà kó pààtì, ohun ìjà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ àti mẹkáníìkì, àti ilé tí wọ́n kọ́ sí Kainji mọ́ ọn. Owó ìtọ́jú tí a kò san nígbà Jaguar ni wọ́n ti kà mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ra ẹ̀rọ láìra pààtì rẹ̀, ìdajì ẹ̀rọ ló rà.

Ohun kejì ni dọ́là. Lọ́dún 2005, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi 130 náírà, nítorí náà mílíọ̀nù 251 dọ́là kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 33 náírà lọ. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, dọ́là ti tó nǹkan bíi 1,500 náírà. Iye dọ́là kan náà ti di bílíọ̀nù 376 náírà nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé F-7 padà sí China fún àtúnṣe ńlá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún mélòó kan nínú wọn, dọ́là ni wọn yóò fi san án. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá lè ṣe nílé ni wọ́n yọ kúrò nínú ẹrù yìí.

ÀWỌN MÌÍRÀN ŃKỌ́?

Romania ní MiG-21 bíi tiwa. Láti àárín ọdún 1990, iléeṣẹ́ wọn, Aerostar, àti Elbit ti Israel jọ tún nǹkan bíi 110 ṣe, wọ́n sì ń lò ó títí di May 2023. India tún nǹkan bíi 125 ṣe, wọ́n sì fẹ̀yìn ti MiG-21 ní September 2025. South Africa sọ Mirage àtijọ́ di Cheetah nígbà tí ayé kọ̀ láti tajà fún wọn, wọ́n lò ó dé 2008.

Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi jọra ni pé bàálù wọn pọ̀, wọ́n sì ní iléeṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà lórí ilẹ̀ wọn. Àtúnṣe ńlá nílò ìwé, ìdánwò àti irinṣẹ́ tuntun. Bí a bá pín ìnáwó yẹn sórí bàálù 100, kò wúwo. Bí a bá pín in sórí mẹ́sàn-án, ó lè sàn kéèyàn ra òmíràn.

ÈWO NI TI Ọ̀TÀ NÍNÚ RẸ̀?

Ìkẹjà ni olú ẹ̀ka tó ń mójú tó ohun èlò àwọn ọmọ ogun òfurufú wà, kò sì jìnnà sí Sango. Ní Ọ̀tà, a ní àwọn tó ń yọ́ irin, àwọn tó ń ṣe rọ́bà àti àwọn oníke. Kò sí ẹni tó retí kí wọ́n ṣe abẹ́ inú ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n bàálù ń lo bíréèkì, rọ́bà tó ń dí epo, àti páìpù. Lórí ilẹ̀, ó ń lo àkàbà, jáàkì, àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọ́ ọ. Nígbà tí Sadique Abubakar jẹ́ ọ̀gá àgbà wọn, láàárín 2015 sí 2021, òun náà wá iléeṣẹ́ abẹ́lé tó lè ṣe àwọn ohun tó ń tètè jẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ Innoson ti wọlé.

Ohun méjì ló dábùú ọ̀nà. Èkíní ni ìwé ẹ̀rí. Nọ́ọ̀tì bàálù lè jọ nọ́ọ̀tì ọjà, ṣùgbọ́n ti bàálù ní ìwé tó ń sọ irin tí wọ́n fi ṣe é, ẹni tó ṣe é, àti ìdánwò tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Iléeṣẹ́ tí kò bá lè kọ ìwé yẹn, kò lè ta nọ́ọ̀tì yẹn. Èkejì ni pé bàálù díẹ̀ kì í jẹ pààtì púpọ̀. Iléeṣẹ́ tó bá gbọ́kàn lé ọmọ ogun nìkan yóò kógbá wọlé. Àfi kó fi ti àwọn bàálù èrò àti ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kún un. Ohun ilẹ̀ lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ kò le tó ti ohun tó ń fò.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ nínú ètò ìṣúnná pé ìjọba fẹ́ ra bàálù ogun tàbí tún un ṣe, ẹ má fi ti iye tí wọ́n pe bàálù nìkan ṣe. Ẹ béèrè pé wákàtí mélòó ló kù fún un láti fò. Ẹ béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún pààtì rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ sì béèrè èwo nínú iṣẹ́ náà ni wọn yóò ṣe nílé. Kò sí ẹni tó rí ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yẹn nígbà tí wọ́n ń ra Jaguar, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti 1991 ni kò ti gbéra nílẹ̀ mọ́.