Ṣé o mọ̀? Ẹni mẹ́ta ló wà nínú orúkọ BLO

Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ BLO, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1972, dúró fún ẹnì kan: Berkley Jones tó ń ta gìtá, Laolu Akins onílù, àti Mike Odumosu tó ń ta gìtá béèsì. Ẹni mẹ́ta péré, láyé tí ẹgbẹ́ olórin sábà máa ń kún bí ọkọ̀ ọjà!

Jones àti Akins kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Wọ́n ti bá Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣeré nínú ẹgbẹ́ Salt, níbi tí àwọn ìbejì Lijadu ti ń kọrin.

Àwo àkọ́kọ́ BLO, Chapter One, jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ EMI lọ́dún 1973. Gìtá Jones kì í dún gaara níbẹ̀. Ńṣe ló ń han, tó ń kùn, tí ìlù Akins sì ń rọra rìn lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jó á ní sùúrù díẹ̀.

Nígbà tó yá, Odumosu kọjá sí ẹgbẹ́ olórin Osibisa ní London. Nígbà tí dísíkò gbòde, rọ́ọ̀kì inú orin BLO dín kù. Akins ní tirẹ̀ di olùgbóhùnsílẹ̀: òun ló ṣe kòkárí Ace, àwo Shina Peters tó jáde lọ́dún 1989.