Owó kékeré tó gba tálákà Bangladesh sílẹ̀: kí ló dé tó ń lé àwọn ìyálọ́jà kúrò nílé níbòmíì?

Bí wọ́n bá dárúkọ 'gbọ́múléláńtà' lọ́jà Bódìjà tàbí ní Mushin, àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn mì-ín á sì fajú ro. Owó yìí ni ọ̀pọ̀ ìyálọ́jà fi bẹ̀rẹ̀ òwò, òun náà ló sì sọ àwọn kan di ìsáǹsá. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń san án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò mọ̀ ni pé ọ̀nà jíjìn létò náà ti wá, àti pé ẹni tó dá a sílẹ̀ kò ní in lọ́kàn pé bó ṣe máa rí nìyí.

Bangladesh lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1974, ìyàn ńlá mú níbẹ̀, àwọn èèyàn sì kú bí ilẹ̀ bí ẹní. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Yunus, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Chittagong, wá rí i pé ohun tóun ń kọ́ wọn kò jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní abúlé Jobra tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé náà. Àwọn obìnrin tó ń fi ọparun ṣe àpótí ìjókòó níbẹ̀ ò lówó tí wọ́n máa fi ra ọparun. Ẹni tó bá yá wọn lówó náà ló máa ra ọjà lọ́wọ́ wọn, iye tó bá sì wù ú ló máa san. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbèsè àwọn tọ́rọ̀ kàn ní 1976, èèyàn 42 ni wọ́n, gbogbo gbèsè wọn ò sì ju dọ́là 27 lọ. Yunus yọ ọ́ lápò ara ẹ̀, ó kó o fún wọn.

Báńkì tó lọ bá lẹ́yìn ìyẹn ní tálákà ò ní dúkìá tí wọ́n lè fi dúró. Ló bá fúnra ẹ̀ dúró fún wọn. Nígbà tó fi máa di 1983, Grameen ti di báńkì lábẹ́ òfin. Èèyàn márùn-ún márùn-ún ló ń kóra wọn jọ níbẹ̀, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní 2006, Yunus àti báńkì náà jọ gba àmì ẹ̀yẹ Nobel fún àlàáfíà.

Ká sòótọ́, ètò yìí ò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àjọ àti èésú ti wà tipẹ́, ìtìjú ẹgbẹ́ ló sì ń mú oníkálukú san. Àmọ́ owó ara wọn làwọn tó ń dá èésú ń kó, kò sí èlé níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìjọba Babangida dá People's Bank sílẹ̀ ní 1989, wọ́n sì fi Tai Solarin ṣe alága rẹ̀. Ní 2005 ni báńkì àpapọ̀ ṣe ìlànà fáwọn báńkì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní máíkírófáínáǹsì. Wọ́n rú jáde bí olú, ṣùgbọ́n ní 2010, báńkì àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ 224 nínú wọn. Ní 2023, wọ́n tún gba ti 132.

Ti India ló burú jù. Ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh, àwọn iléeṣẹ́ tó ń wá èrè ya wọ abúlé, obìnrin kan ṣoṣo lè jẹ iléeṣẹ́ mẹ́ta ní gbèsè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìròyìn gbòde pé àwọn kan tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn gbẹ̀mí ara wọn, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì fòfin de àwọn agbowó ní 2010. Yunus náà bínú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kọ ọ́ síwèé ìròyìn pé àwọn tó fẹ́ dolówó lórí tálákà ló ń ba ètò náà jẹ́.

Èlé gan-an lẹ̀gẹ̀. Ká ní ìyálọ́jà kan yá náírà 100,000, tí wọ́n ní èlé rẹ̀ jẹ́ 20,000, kó máa san 5,000 fún ọ̀sẹ̀ 24. Lójú, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi máa san ọ̀sẹ̀ 12, ìdajì owó náà ló kù lọ́wọ́ ẹ̀, èlé odindi ló ṣì ń san. Bí wọ́n bá tún ti yọ 10,000 sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ pé owó ìfipamọ́ ni, 90,000 ló gbé délé, tó ń sanwó lórí 100,000. Ìgbà tọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ bá sì pé, ọjà lè má tíì tà rárá.

Àwọn olùṣèwádìí tó yẹ̀ ẹ́ wò lórílẹ̀-èdè mẹ́fà, tó fi mọ́ Ethiopia, Morocco àti India, gbé àbájáde wọn jáde ní 2015. Wọ́n ní owó ẹ̀yáwó ń ran àwọn kan lọ́wọ́ láti mú òwò wọn gbòòrò díẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kì í sábà yọ èèyàn nínú ìṣẹ́.

Nítorí náà, kẹ́ni tó bá fẹ́ yáwó béèrè kó tó buwọ́ lùwé: ṣé orí gbogbo owó lèlé wà ni, àbí lórí èyí tó kù? Èló ló máa wọ̀ mí lọ́wọ́ gan-an? Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ò bá san, ta ló máa san án? Ọjà tó ń tà kíákíá lèèyàn ń fi irú owó yìí rà. Ẹni tó bá fi ra aṣọ ẹbí, tàbí tó fi san gbèsè mì-ín, kò ní í pẹ́ tí agbowó fi máa dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.