Ejò kì í jẹun lójoojúmọ́: Ẹ̀yin òbí, ẹ yé fi àánú bọ́ ọ

Ìyá kan tó lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun ní London ló bi mí ní ìbéèrè yìí nígbà tó dé. Ó ní ọmọ-ọmọ òun, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń sin ejò nínú yàrá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ péré ló sì ń fún un ní eku dídì kan, èyí tí wọ́n ń kó sáàárín ẹran nínú fìrísà. Àánú ejò náà ṣe Màmá, ló bá ń bá ọmọ jà pé kó máa bọ́ ọ lójoojúmọ́ kó lè sanra.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín o, àmọ́ àwọn ọmọ wa lókè òkun ń sin ejò báyìí bí a ṣe ń sin ajá. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni òjòlá kékeré tí wọ́n ń pè ní ball python, tí kò ní oró. Kì í ṣe àjèjì sí wa, nítorí láti Togo, Benin àti Ghana ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ wọn lọ.

Ejò kò dà bí ọmọ ènìyàn. Oúnjẹ lọmọ wa fi ń mú ara rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n ooru àyíká ni ejò ń lò, ìdí nìyẹn tí oúnjẹ díẹ̀ fi ń tó o. Ọmọ òjòlá yìí kì í ju nǹkan bíi gíráàmù 50 sí 80 lọ nígbà tó bá pa. Lẹ́yìn tó bá kọ́kọ́ bọ́ awọ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Eku kan lọ́jọ́ márùn-ún sí méje tó o, kí ìwọ̀n eku náà jẹ́ ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé ejò gíráàmù 100 yóò jẹ eku gíráàmù 10 sí 15. Bó ṣe ń dàgbà ni àlàfo náà yóò máa gùn sí i, torí èyí tó ti dàgbà lè jẹ ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin.

Bí a ṣe ń wọn ọmọ ní kílíníkì ni kí ọmọ náà máa wọn ejò rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó tó bọ́ ọ, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ìyẹ̀fun o! Bí kò bá lé sí i lọ́sẹ̀ kan, kò séwu. Bó bá jò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Bí awọ bá sì hàn láàárín ìpẹ́ rẹ̀ nígbà tí kò tíì jẹun, ó ti sanra jù nìyẹn.

Bó bá kọ oúnjẹ, ẹ yẹ ooru wò ná. Kí apá kan àpótí rẹ̀ jẹ́ 31 sí 33 lórí tẹmómítà Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kí apá kejì tutù díẹ̀. Òtútù kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú rẹ̀, yóò bì í ni. Bó bá ti bì, ẹ má fún un ní nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, kí ẹ sì fi eku tó kéré bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn tó bá jẹun.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ Màmá kì í ṣe ebi ejò. Ejò tí ara rẹ̀ le koko lè gbé kòkòrò salmonella, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà, òtútù fìrísà kì í sì í pa kòkòrò náà. Ní ọdún 2010, eku dídì tí wọ́n ń fi bọ́ ejò kó àrùn yìí ran àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti Britain. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti àgbà tó ti lé ní ọdún 65 kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ejò tàbí àpótí rẹ̀. Ẹ má fọ ohun èlò rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́, kí ọmọ sì fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa.

Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ tuntun sì wà nílé. Mo ní kó fi ebi ejò sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, kó pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, kí wọ́n kó eku yẹn kúrò láàárín ẹran.