Òkun Inú Ilé: Bí A Ti Ń Tọ́jú Iyùn Tí Ó Wà Láàyè

Púpọ̀ nínú wa ni ó rò pé òkúta ni iyùn. Àwọn ìyá wa tí ń tà á lọ́jà mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú, wọ́n sì mọ iye tí ó tọ́ kí wọ́n gbà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ iléèwé bá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń wa òkúta yìí, ọ̀rọ̀ a di wò-mí-n-wò-ọ́. Iyùn kì í ṣe òkúta. Egungun àwọn ẹranko kéékèèké tí ń gbé inú òkun ni. Iyùn pupa tí àwọn ọba wa ń wọ̀, tí a sì fi ń ṣe ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́, inú Òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń kó o láti ayébáyé, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò ti pọ̀.

Iyùn yìí ní àwọn ìbátan tí wọ́n fẹ́ràn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí kò jìn, tí oòrùn ń tàn dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń kọ́ ilé lé orí ilé bí ikán, títí ilé wọn yóò fi di òkìtì ńlá lábẹ́ omi, tí ẹja aláràbarà yóò sì fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé. Kò sí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ní etí òkun tiwa, nítorí pé àwọn odò wa ń tú ẹrẹ̀ àti omi tí kò níyọ̀ sínú òkun, iyùn kò sì fẹ́ méjèèjì. Èyí tí ó tóbi jù lọ láyé wà ní Ọsirélíà. Great Barrier Reef ni orúkọ rẹ̀. Gígùn rẹ̀ ju kìlómítà 2,300 lọ, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì ọ̀nà Èkó sí Kánò.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ti àwọn tí wọ́n gbìyànjú láti gbé irú òkìtì bẹ́ẹ̀ wá sínú ilé, kí tọmọdé tàgbà lè wọlé wò ó. Ní ọdún 1987, ní ìlú Townsville ní Ọsirélíà kan náà, wọ́n ṣí ilé kan tí agbada omi òkun inú rẹ̀ gba lítà 2,500,000. Wọn kò fi òrùlé bo agbada náà, kí oòrùn lè máa ràn sí iyùn lára. Bí a bá fa gbogbo omi náà gbẹ, iyọ̀ tí yóò ṣẹ́kù yóò kún nǹkan bí àpò 1,750, bí àpò kọ̀ọ̀kan bá gba kílò 50.

Kí a tó sọ ti ìtọ́jú, ó yẹ kí a mọ ẹni tí à ń tọ́jú. Ẹranko iyùn kéré. Púpọ̀ nínú wọn kò ju orí ìṣó lọ. Ó ní ẹnu kan, ó sì ní ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹnu náà ká tí ó fi ń gbá oúnjẹ mú. Inú ẹran ara rẹ̀ ni ewéko kan tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Ewéko náà ń fi oòrùn se oúnjẹ, ó sì ń fún onílé rẹ̀ jẹ. Onílé ní tirẹ̀ ń fún un ní ibùgbé àti ààbò. Ṣùgbọ́n bí omi bá gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, ní ìwọ̀n kan tàbí méjì péré, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn méjèèjì a tú ká. Iyùn a lé ewéko náà jáde, a funfun bí ẹfun. Bí ooru náà kò bá sì tètè rọlẹ̀, ebi a pa á kú.

Nítorí náà, ẹni tí ó ń tọ́jú iyùn, omi gan-an ni ó ń tọ́jú. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba márùn-ún.

Èkíní ni iyọ̀ àti ooru. Lítà omi kan gbọ́dọ̀ ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35, ooru rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Gbogbo ẹni tí ń se ọbẹ̀ mọ̀ pé bí ọbẹ̀ bá ti ń gbẹ lórí iná ni iyọ̀ rẹ̀ ń le sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti agbada yìí: oòrùn a fa omi lọ, a fi iyọ̀ sílẹ̀, omi tí kò níyọ̀ ni a sì gbọ́dọ̀ fi dí i. Bí òjò ńlá bá rọ̀ sínú agbada tí kò ní òrùlé, iyọ̀ a tún dín. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ dẹ́kun wíwọn omi.

Èkejì ni ìmọ́lẹ̀. Níbi tí oòrùn kò bá dé, àtùpà alágbára ni wọ́n ń lò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa pa á ní àkókò, nítorí iyùn mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru.

Ẹ̀kẹta ni ìgbì. Iyùn kò lè rìn lọ wá oúnjẹ. Omi ni ó gbọ́dọ̀ gbé e wá fún un, kí ó sì gbọn ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi dá ìgbì sílẹ̀ ní Townsville.

Ẹ̀kẹrin ni ìdọ̀tí. Ẹja tí ó bá jẹun yóò yàgbẹ́, ìgbẹ́ yìí a sì di májèlé nínú omi. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé ara òkúta ń sọ májèlé náà di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kan tún wà tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi títí yóò fi hó bí ọṣẹ. Ìdọ̀tí a lẹ̀ mọ́ ìfófòó náà, wọn a sì gbọ́n ọn dànù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ará Townsville gbin ewédò sórí àwo pẹrẹsẹ kí ó lè máa jẹ ìdọ̀tí inú omi, wọn a sì máa há a kúrò bí ó ti ń hù.

Ẹ̀karùn-ún ni kálísíọ́mù, èyí tí iyùn fi ń kọ́ egungun rẹ̀. Bí iyùn bá ti ń dàgbà ni èròjà yìí ń dín nínú omi. Bí a kò bá dá a padà, iyùn yóò jókòó bí bíríkìlà tí sìmẹ́ǹtì tán mọ́ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, iná mànàmáná kò gbọ́dọ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ tí ń yí omi bá dúró, atẹ́gùn inú omi a bẹ̀rẹ̀ sí í tán, wákàtí díẹ̀ sì tó láti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́. Nítorí náà jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní sẹpẹ́ tọ̀sán-tòru. Àwọn òmùwẹ̀ náà gbọ́dọ̀ máa wọ inú omi lọ láti fọ gíláàsì àti láti fa ewédò tí ó bá fẹ́ bo iyùn mọ́lẹ̀ tu. Àwọn òǹwòran a máa juwọ́ sí wọn bí ẹni pé eré ni wọ́n ń ṣe.

Ẹnìkan lè béèrè pé: kí ni èrè gbogbo wàhálà yìí, nígbà tí òkun wà níta lọ́fẹ̀ẹ́? Èsì mi ni pé ara òkun kò le mọ́. Ní ọdún 2016, ooru pa ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin iyùn Great Barrier Reef lọ. Ní Florida, ní Amẹ́ríkà, àrùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa iyùn ní 2014. Àwọn onímọ̀ sáré kó díẹ̀ nínú èyí tí ó kù sínú agbada lórí ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a kó o pamọ́ nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ bímọ. Nínú òkun, ọ̀pọ̀ iyùn kì í tú ẹyin sílẹ̀ ju òru mélòó kan lọ lọ́dún, lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Horniman, ní Forest Hill ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ní apá ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ni wọ́n ti rí ọ̀nà sí i. Wọ́n fi àtùpà ṣe oòrùn àti òṣùpá, wọ́n fi kọ̀ǹpútà yí ooru omi padà bí ìgbà ti ń yí lọ́dún, nígbà tí ó sì di 2013, iyùn tú ẹyin sílẹ̀ nínú agbada wọn. Àwọn ará Florida Aquarium ní ìlú Tampa kọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dọ̀ wọn, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 iyùn tiwọn náà sì tú ẹyin. Nígbà tí òkun Florida gbóná kọjá ààlà ní 2023, orí ilẹ̀ náà ni wọ́n tún sáré kó iyùn sí.

Àgbẹ̀ kì í jẹ èbù iṣu rẹ̀ tán. Irú agbada wọ̀nyí ni abà tí a ń kó èbù iyùn pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n abà kì í ṣe oko: bí ooru ayé kò bá rọlẹ̀, ibo ni a ó gbin èbù náà sí? Abà pàápàá ń fẹ́ àtúnṣe. Ní 2021, lẹ́yìn ọdún 34, wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé Townsville fún àtúnṣe ńlá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, a kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀ nítòsí láti kó àwọn ọmọ wa lọ. Ṣùgbọ́n ìgò ńlá kan, omi odò, ewédò díẹ̀ àti ẹja wẹ́wẹ́ méjì tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ pín iṣẹ́ rẹ̀ fún kíláàsì: ẹni tí yóò bọ́ ẹja, ẹni tí yóò pààrọ̀ omi, ẹni tí yóò gbé ìgò kúrò nínú oòrùn ọ̀sán. Kí olúkúlùkù máa kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ó tó di òpin táàmù, wọn yóò ti mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí kì í gba ìsinmi lọ́wọ́ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀.