Bí Ìgbín Bá Fà: Ilé Kótópó àti Ọkọ̀ Ibùgbé fún Ẹni Tí Ń Fi Àga Rìn

Àwọn àgbà a máa wí pé yàrá kótópó gba ogún ọ̀rẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn. N kò ní bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà kò rò ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tí ó jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́, èyí tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní kẹ̀kẹ́ arọ, nítorí ìfẹ́ lè kún inú irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ títí kí ó sì ṣàn dé ojúde, síbẹ̀ kí ẹnu ọ̀nà má gbà á wọlé.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí owó ilé ti ga kọjá ibi tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lè tó, àwọn kan ti kẹ̀yìn sí ilé ńláńlá, wọ́n sì yan ilé kótópó láàyò. Jay Shafer, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú àṣà yìí, kọ́ tirẹ̀ ní 1999, ilé náà kò sì tó yàrá 10 lórí 10 tí àwa ń háyà lọ́wọ́ onílé. Nínú ìwé ìlànà ìkọ́lé ti 2018 ni wọ́n ti wá là á kalẹ̀ níbẹ̀ pé ilé tí gbogbo àyè ilẹ̀ rẹ̀ kò bá ju ti yàrá 20 lórí 20 ẹsẹ̀ bàtà lọ ni a ó máa kà sí ilé kótópó. Àwọn kan a kọ́ ọ mọ́ ilẹ̀; àwọn mìíràn a kọ́ ọ sórí tírélà, kí wọ́n lè so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ kí wọ́n sì wọ́ ọ lọ síbi tí ó bá wù wọ́n, nítorí bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá sì rò pé kò sí ìgbádùn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ó rántí pé bí a gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Ṣùgbọ́n nítorí pé àyè kò tó nílẹ̀, àwọn kọ́lékọ́lé gbé ibùsùn lọ sí òkè àjà, wọ́n sì fi àkàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tì í, bẹ́ẹ̀ ni àkàbà, bí ó ti wù kí ó rẹwà tó, kò wúlò fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ti àkàbà ṣì rọrùn, torí a lè sọ ibùsùn kalẹ̀, kí a so ó mọ́ ògiri, kí a máa ṣí i sílẹ̀ lálẹ́ kí a sì máa pa á dé láàárọ̀. Ìṣírò ẹnu ọ̀nà ni ó le. Ìlànà tí ó tẹ̀lé òfin ààbò fún àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tí Ààrẹ George H. W. Bush buwọ́ lù ní 1990, sọ pé bí ilẹ̀ ilé bá fi íǹsì 1 ga ju ìta lọ, afárá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga yóò gbà gòkè gbọ́dọ̀ gùn tó íǹsì 12, kí ó má baà dà bí ẹni ń gun òkè Olúmọ. Bí ilé orí tírélà bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sílẹ̀, afárá rẹ̀ di ẹsẹ̀ bàtà 24, ọ̀pọ̀ ilé náà fúnra wọn kò sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrù wá tó ẹran!

A kò sì lè ní kí ilé náà fẹ̀ sí i, nítorí ohun tí ó bá fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 8 àbọ̀ lọ kò gbọdọ̀ rin títì láìgba ìwé àṣẹ. Bí a bá yọ ìnípọn ògiri kúrò, ó ku nǹkan bí 7 àbọ̀ nínú ilé. Àga oníkẹ̀kẹ́ sì ń fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 gbáko kí ó tó lè yí po. Bí a bá to kọ́bọ́ọ̀dù tí ó yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà 2 sí ìhà kan, àyè ṣì wà; bí a bá tò ó sí ìhà méjèèjì, ẹni inú rẹ̀ yóò máa fi ẹ̀yìn jáde bí ọkọ̀ tí ó há sí kọ̀rọ̀.

Kí àwọn tó ń kọ́ ilé kótópó tó bẹ̀rẹ̀ sí ronú lórí èyí, ọkùnrin kan ti tú kókó náà nínú ọkọ̀. Ralph Braun ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Winamac ní ìpínlẹ̀ Indiana, tí a bí ní 1940. Ọmọ ọdún 6 ni nígbà tí àwọn dókítà rí i pé àrùn tí ń jẹ iṣan ara ń bẹ lára rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọ̀dọ́langba, àga ti di ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò jókòó kí ó máa wo ojú ẹni tí yóò tì í. Ní 1963 ó kan ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí ń lo bátìrì, ó sì ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kó lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó wá ògbólógbòó jíìpù tí àwọn akólẹ́tà ti lò gbó, ó de ẹ̀rọ agbéniròkè mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì tún ìdarí rẹ̀ ṣe kí ó lè fi ọwọ́ nìkan wà á. Ní 1970 ó gbé ọgbọ́n kan náà lọ sínú fáànù Dodge, àwọn tí ìyà kan náà ń jẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wọn ṣe tiwọn, títí iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi di ilé iṣẹ́ ńlá tí à ń pè ní BraunAbility lónìí. Ó kú ní 2013. Bí ó bá ṣe pé ilẹ̀ wa ni a ti bí i, àwọn onírárà ìbá máa kì í ní Afọwọ́-ṣẹsẹ̀, Ajókòó-ṣe-ohun-tí-adúró-kò-lè-ṣe.

Títí di òní, iṣẹ́ náà kò kúrò lórí ohun tí ó fi lélẹ̀. Toyota Sienna, ọkọ̀ tí àwọn awakọ̀ wa fi ń kó èrò láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí wọ́n ń yí padà lọ́hùn-ún: wọ́n a gé ilẹ̀ ọkọ̀ náà kúrò, wọ́n a jó òmíràn tí ó lọ sílẹ̀ jù ú lọ mọ́ ọn, kí orí ẹni tí ó wà lórí àga má baà kan òrùlé, bí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ bá sì ṣí, afárá pẹlẹbẹ a yọ jáde, ọkọ̀ náà a rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ràkúnmí tí ń kúnlẹ̀ fún olówó rẹ̀. Okùn 4, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ni a fi ń de àga náà mọ́lẹ̀. Fún ẹni tí ó fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe ilé, fáànù olórùlé gíga bíi Ford Transit tàbí Mercedes Sprinter ni ó yẹ, pẹ̀lú ẹ̀rọ agbéniròkè tí ó lágbára, nítorí àga oníbátìrì nìkan lè wúwo ju 300 pọ́n-ùn lọ kí olówó rẹ̀ tó gùn ún. Ọlọ́gbọ́n a sì rí i dájú pé ẹ̀rọ náà ní ọ̀pá tí a lè fi ọwọ́ fà bí iná bá kú, kí ó má di pé ìkarahun há ìgbín mọ́lé.

Ẹ lè béèrè pé kí ni ẹni tí kò lè rìn ń wá nínú ọkọ̀ nígbà tí hòtẹ́ẹ̀lì wà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ti wakọ̀ láti òwúrọ̀ dé hòtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ní yàrá tí ó yẹ ẹ́ wà, tí ó sì wá bá ìpele àtẹ̀gùn kan ṣoṣo lẹ́nu balùwẹ̀. Nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ilẹ̀ balùwẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láìsí ìdènà, ibùsùn ga bákan náà pẹ̀lú ìjókòó àga rẹ̀, abẹ́ ibi ìfọwọ́ ṣófo kí orúnkún lè wọ̀ ọ́. Ohun mìíràn wà tí àwa tí ń rìn kì í rò: ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti fara pa lápá òkè kì í làágùn dáadáa nísàlẹ̀ ibi tí ó fara pa, nítorí náà ooru lè dá a wó kíákíá. Fún un, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ orí òrùlé àti bátìrì tí oòrùn ń sọ jí kì í ṣe fáàrí rárá.

Lójú tèmi, àtẹ̀gùn ni ọ̀tá. Kíkéré ilé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ilé kótópó tí a kọ́ mọ́ ilẹ̀, tí a to ohun gbogbo rẹ̀ sí ìhà kan, a máa fi ìkòkò, omi àti ibùsùn sí àrọ́wọ́tó ẹni tí ó wà lórí àga ju ilé alájà lọ. Ohun tí ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni pé òfin 1990 yẹn kò dé ilé àdáni, kọ́lékọ́lé kì í sì rántí àga àfi bí ẹni tí ó ní ilé bá sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé pátákó àkọ́kọ́ dúró, torí fífọ́ ògiri lẹ́yìn ìkọ́lé a máa jẹ owó ju mímú ẹnu ọ̀nà fẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ nílé níhìn-ín náà, ìlànà òfin Amẹ́ríkà ọ̀hún ń fẹ́ kí ojú ilẹ̀kùn ṣí tó íǹsì 32 kí àga tó lè kọjá, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wa kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí bíríkìlà tó to búlọ́ọ̀kù débẹ̀, ẹ ní kí ó fi í sí ẹsẹ̀ bàtà 3.