Gbèsè ọjà ní Kútọnu: ìwé ni ẹlẹ́rìí

Ẹ̀yin oníṣòwò, ṣé ẹnì kan jẹ yín lówó tí kò fẹ́ san? Nítorí iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa, a ṣèwádìí bí ilé ẹjọ́ ìṣòwò Kútọnu ṣe ń bá èèyàn gba gbèsè. Òfin OHADA ti ọdún 1998, tí wọ́n tún ṣe ní 2023, fàyè gba ọ̀nà kúkúrú: ẹ kọ̀wé sí ààrẹ ilé ẹjọ́, ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn. Bí gbèsè bá dájú, tí iye rẹ̀ hàn, tí ọjọ́ rẹ̀ sì ti pé, ó lè pàṣẹ kí onígbèsè san án. Onígbèsè náà lẹ́tọ̀ọ́ láti takò ó.

Ṣùgbọ́n “Ìyá, màá san lọ́la” kì í ṣe ìwé. Kí ẹrù tó kúrò ní ìsọ̀ yín ní Dantokpa, ẹ kọ iye owó àti ọjọ́ sílẹ̀, kí oníbàárà fọwọ́ sí i.