Eegun tó rún, tó sọ nù: ṣé ó tún lè hù padà?

Ẹni tí tírélà tàbí ọ̀kadà bá gbá ní Mile 2, tí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn ṣẹ́ sí méjì, tí ẹran ara kò ya, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣì dẹ̀. Bí wọ́n bá tò ó dáadáa, eegun á so padà fúnra rẹ̀. Ẹni tó wà nínú wàhálà ni ẹni tí eegun ojúgun rẹ̀ rún wómúwómú, tí lára rẹ̀ jábọ́ sójú títì, tàbí tí kòkòrò wọ inú eegun débi pé àwọn dókítà ní láti gé ibi tó ti kú kúrò. Àlàfo ni yóò ṣẹ́ kù síbẹ̀. Bí àlàfo náà bá ti fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, eegun kò lè dá dí i mọ́.

Irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ láti Festac, Agbójù, Kirikiri àti gbogbo Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ìrètí wọn kì í ju Ìgbóbì lọ, ìyẹn ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gba ibẹ̀ lọ tààrà. Àwọn kan á kọ́kọ́ ya ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ tó ń to eegun. A kò bú wọn o, ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́. Àmọ́ bí wọ́n bá fi oparun di ẹsẹ̀ pinpin jù, tí ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá, ẹsẹ̀ náà á dúdú, á kú, gígé ló sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun tí àwọn dókítà ń ṣe sí àlàfo eegun títí di òní ni pé kí wọ́n bù lára eegun ìbàdí aláìsàn náà, kí wọ́n fi dí i. Ó dára, torí ara kì í kọ eegun ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú egbò á di méjì, èyí tí wọ́n sì lè rí bù kò pọ̀. Ọ̀nà mìíràn ni ti Gavriil Ilizarov, dókítà ará Rọ́ṣíà: wọ́n á fi òrùka irin yí ẹsẹ̀ ká, wọ́n á sì máa fa eegun ní mìlímítà 1 lójúmọ́. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 6, ọjọ́ 60 ni fífà nìkan, ká tó sọ pé eegun tuntun ń le. Ta ni yóò máa bọ́ ọmọ ọlọ́kadà ní gbogbo àsìkò yẹn?

Ohun tó mú kí àwọn onímọ̀ wá ọ̀nà míì nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Festac Town sílẹ̀ de àjọ̀dún FESTAC ti 1977, bí wọ́n ti ń ṣe níbi gbogbo, àwọn bíríkìlà ní láti rí nǹkan dúró lé. Ilé parí, wọ́n tú u kúrò. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ làwọn onímọ̀ ń ṣe fún eegun, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pè é: scaffold. Ó ní ihò wẹ́wẹ́ bíi kànìnkànìn, àwọn ihò náà sì já síra wọn kí iṣan ẹ̀jẹ̀ lè gba inú rẹ̀. Hydroxyapatite ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, ohun kan náà tó ń mú kí eegun wa le. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń fọ́ bí àwo.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó máa dúró lé e ni stem cell. Inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n wà, wọ́n lè di eegun, kèrékèré tàbí ọ̀rá. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fà wọ́n ní ìbàdí, wọ́n á sìn wọ́n kí wọ́n pọ̀ sí i, wọ́n á sì dà wọ́n sínú scaffold.

Kì í ṣe àlá o. Ní 2001, àwọn dókítà ní Ítálì gbé àbọ̀ jáde lórí aláìsàn 3 tí wọ́n ṣe é fún: apá, ọwọ́ àti ojúgun, àlàfo sẹ̀ǹtímítà 4 sí 7. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò ní bí ọdún 6 sí 7 lẹ́yìn náà, eegun náà ṣì dúró digbí. Ní Faransé, Philippe Hernigou ń fa mùdùnmúdùn sínú orí eegun itan tó ti ń kú lára àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn tí kò ṣàjèjì nílé wa. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò tíì di ohun tí gbogbo ilé ìwòsàn ń ṣe. Bí scaffold bá tóbi, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dé àárín rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì á kú síbẹ̀. Owó rẹ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta lúlú inú sáṣẹ́ẹ̀tì kiri ní Èkó, tí wọ́n ní stem cell èso ápù ni, pé ó ń wo gbogbo àìsàn. Ará Apple Junction, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ àdúgbò yín tàn yín! Sẹ́ẹ̀lì èso kì í di eegun ènìyàn. Ikùn á lọ̀ ọ́ bí ó ti ń lọ oúnjẹ ni. Owó tí ẹbí bá ná sórí rẹ̀, ì bá ti san díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ abẹ.

Èyí tó yẹ kó yá wa lórí ni eegun màlúù tí àwọn alápatà ń dà nù ní ọjà Agbójù. Bí wọ́n bá sè é, tí wọ́n fọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì sun ún nínú iná tó gbóná gan-an, hydroxyapatite ni yóò kù. Láti bí ọdún 2020 ni àwọn olùwádìí ní Fásitì Ahmadu Bello, Zaria, ti ń gbé iṣẹ́ jáde lórí irú rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń po amọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní kaolin mọ́ ọn kí ó má baà tètè fọ́. Bó ṣe le sí ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ wò nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe ara ènìyàn.